KÍNDÌNRÍN, OÒRÙN ÀTI OHUN TÍ A JOGÚN

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú Ìpàdé Ọdọọdún Ẹgbẹ́ Ìdàgbàsókè Ìlú wa



Ẹ̀yin tí ẹ ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ mi láti ẹ̀yìn wá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ni mo sábà máa ń sọ níbí yìí: ilé ẹ̀kọ́ tí òrùlé rẹ̀ ń jò, ọmọ tí kò ní ìwé, olùkọ́ tí a béèrè tí a kò rán sí wa. Lọ́dún yìí mo tọrọ àyè lọ́wọ́ Alága kí n gba ọ̀nà mìíràn. Ìdí rẹ̀ ni lẹ́tà tí ẹ̀ka Lọ́ńdọ́ọ̀nù kọ sí wa, nínú èyí tí wọ́n dá a lábàá pé kí Ẹgbẹ́ yìí ra ẹ̀rọ tí ń fọ ẹ̀jẹ̀ fún ilé ìtọ́jú aláìsàn ìlú wa, nítorí àwọn ènìyàn wa tí àìsàn kíndìnrín ń pa. Inú rere ni àbá náà ti wá, owó sì ti ń wọlé fún un. Ṣùgbọ́n kí a tó ná owó ìlú, ó yẹ kí ìlú mọ ohun tí ó fẹ́ rà, kí ó sì mọ irú àìsàn tí ó fẹ́ fi í bá jà. Èmi kì í ṣe dókítà. Olùkọ́ ni mí; iṣẹ́ mi ni láti ka ohun tí àwọn tí ó mọ̀ ti kọ, kí n bi wọ́n léèrè níbi tí kò bá yé mi, kí n sì sọ ọ́ fún ẹlòmíràn ní èdè tí yóò yé e. Ohun tí mo ti ń ṣe láti oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn nìyẹn.

Kíndìnrín méjì ni ènìyàn ní, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, lẹ́yìn, lábẹ́ egungun ìhà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò ju ìkúùkù àgbàlagbà lọ. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan ni asẹ́ bíi mílíọ̀nù kan wà, tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí i. Ní ọjọ́ kan ṣoṣo, omi tí ń gba inú asẹ́ wọ̀nyí kọjá tó lítà 180. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni kíndìnrín ń dá padà sínú ẹ̀jẹ̀. Díẹ̀ tí ó kù, pẹ̀lú ìdọ̀tí inú rẹ̀, ni a ń tọ̀ dànù. Iṣẹ́ yìí kì í ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n kíndìnrín ní àwọn iṣẹ́ mìíràn tí ariwo wọn kò pọ̀. Òun ni ó ń rán oje tí ń pàṣẹ fún mùdùnmúdùn inú egungun pé kí ó ṣe ẹ̀jẹ̀ tuntun. Òun ni ó ń bá ara ṣọ́ agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń tì nínú iṣan. Òun náà ni ó sì ń parí iṣẹ́ lórí fítámì D. Orí èyí tí ó kẹ́yìn yìí ni mo fẹ́ dúró sí díẹ̀, nítorí pé àṣìgbọ́ pọ̀ níbẹ̀.

Bí oòrùn bá ta sí awọ ara, ara a ṣe fítámì D. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbọ́ nìyẹn, wọ́n sì dúró síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi gàárì ṣe àkàwé. Ẹni tí ó wa ẹ̀gẹ́ lóko kò tíì ní gàárì. Yóò bó o, yóò rin ín, yóò fún omi rẹ̀ dànù, yóò sì yan án nínú agbada kí ó tó di ohun tí ènìyàn lè fi omi mu. Ohun tí oòrùn ṣe sínú awọ ara, ẹ̀gẹ́ tútù ni. Ẹ̀jẹ̀ a gbé e lọ sí ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀ a bá wa rin ín, síbẹ̀ kò tíì wúlò fún iṣẹ́ kan tí ó tó nǹkan. Inú kíndìnrín ni agbada wà. Ọdún 1970 ni Fraser àti Kodicek, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ méjì ní Cambridge, fi hàn fún gbogbo ayé pé kíndìnrín ni ó ń ṣe iṣẹ́ àṣekẹ́yìn náà. Nítorí náà ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti dáṣẹ́ sílẹ̀ lè jókòó sínú oòrùn ilẹ̀ wa láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, kí ẹ̀gẹ́ kún àká rẹ̀ títí, kí ebi gàárì sì máa pa á.

Kí ni ó ń tẹ̀lé e? Bí fítámì D tí a ti yan tán kò bá sí, ìfun kò ní lè fa kálíṣíọ́mù inú oúnjẹ bí ó ti yẹ. Kókó kéékèèké mẹ́rin kan wà nínú ọrùn wa tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti rí i pé kálíṣíọ́mù inú ẹ̀jẹ̀ kò dín kù. Bí wọ́n bá rí i pé ó ń dín, wọn a bẹ̀rẹ̀ sí í fà á yọ láti inú egungun, gẹ́gẹ́ bí onígbèsè tí ń tú páànù òrùlé ilé baba rẹ̀ tà láti fi san èlé. Egungun a máa ro aláìsàn, a sì máa tètè dá. Fọ́sífọ́ọ̀sì tí kíndìnrín kò lè dà nù mọ́ a kún inú ẹ̀jẹ̀. Òun àti kálíṣíọ́mù a lọ lẹ̀ mọ́ ara iṣan ẹ̀jẹ̀, iṣan a gan, ọkàn a sì máa fi agídí ti ẹ̀jẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á: láàárín àwọn tí ń fọ ẹ̀jẹ̀, àìsàn ọkàn àti ti iṣan ẹ̀jẹ̀ ni ó ń pa wọ́n jù lọ. Ẹ̀rọ lè bá wọn kó ìdọ̀tí jáde, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò ní agbada.

Kí n yà díẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ torí ọ̀rọ̀ yìí rò pé gbogbo egungun tí ó bá wọ́, fítámì D ni ó fà á. Àwọn dókítà ní Ilé-Ifẹ̀ àti ní Jos fi hàn ní àwọn ọdún 1990 pé àwọn ọmọ wa tí ẹsẹ̀ wọn wọ́, àìtó kálíṣíọ́mù nínú oúnjẹ ni ó sábà máa ń fà á, kì í ṣe àìtó oòrùn. Ẹja kéékèèké tí a ń jẹ teegunteegun àti wàrà àwọn Fúlàní wúlò fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ju kí a tẹ́ ẹ sí oòrùn lọ. Ti ẹ̀yin tí ẹ wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yàtọ̀. Awọ dúdú tí ó ń dáàbò bò wá nílé níbí kì í jẹ́ kí oòrùn díẹ̀ tí ẹ ń rí lọ́hùn-ún ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán. Láti ọdún 2016 ni ìjọba ibẹ̀ ti ń gba àwọn tí orírun wọn jẹ́ Áfíríkà nímọ̀ràn pé kí wọ́n ronú láti máa lo fítámì D ìwọ̀n máíkúrógíráàmù 10 lójoojúmọ́ yípo ọdún. Owó rẹ̀ kò pọ̀. Ẹ rà á fún àwọn ọmọ yín pẹ̀lú.

Mo padà sí ọ̀dọ̀ àwọn tí ń fọ ẹ̀jẹ̀. Bí ọ̀ràn ti rí yìí, ó dà bí ẹni pé ojútùú rẹ̀ rọrùn: kí a fún aláìsàn ní fítámì D tí a ti yan tán. Irú oògùn bẹ́ẹ̀ wà. Calcitriol, alfacalcidol àti paricalcitol wà lára wọn. Ní ọdún 2005 àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà yẹ àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn tí ó ju 51,000 lọ wò, gbogbo wọn ni ó ń fọ ẹ̀jẹ̀. Wọ́n rí i pé láàárín ọdún méjì, ikú àwọn tí a fún ní abẹ́rẹ́ oògùn náà fi nǹkan bí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ti àwọn tí a kò fún. Ní 2008 ìwádìí mìíràn tún jáde, tí ó sọ pé ó pẹ́ tí a ti mọ̀ ní Amẹ́ríkà pé àwọn aláwọ̀ dúdú tí ń fọ ẹ̀jẹ̀ a máa pẹ́ láyé ju àwọn aláwọ̀ funfun lọ, àti pé àǹfààní náà wà lọ́dọ̀ àwọn tí a fún ní oògùn yìí, kò sì sí lọ́dọ̀ àwọn tí a kò fún. Ariwo ta. Ó dà bí ẹni pé a ti rí ìdí abájọ.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè gẹ́gẹ́ bí olùkọ́. Bí mo bá ka àwọn ọmọ tí ń wọ bàtà wá sí ilé ẹ̀kọ́, tí mo sì rí i pé wọ́n ń yege nínú ìṣirò ju àwọn tí kò wọ bàtà lọ, ṣé bàtà ni ó kọ́ wọn ní ìṣirò? Ilé tí bàtà ti wá ni oúnjẹ àárọ̀ àti iná àfikàwé ti wá. Bákan náà, ó lè jẹ́ pé àwọn tí ara wọn le díẹ̀, tàbí tí dókítà wọn ń ṣọ́ lójú méjèèjì, ni a ń fún ní abẹ́rẹ́ náà. Ọ̀nà tí ó dájú jù láti mọ òtítọ́ ni kí a ṣẹ́ gègé: kí a pín àwọn aláìsàn sí ọ̀nà méjì láìṣe ojúsàájú, kí apá kan gba oògùn, kí apá kejì má gbà á, kí a sì dúró. Àwọn ará Japan ṣe bẹ́ẹ̀. Aláìsàn 976 ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n ṣọ́ wọn fún nǹkan bí ọdún 4, èsì rẹ̀ sì jáde ní 2018: àìsàn ọkàn kò dín kù láàárín àwọn tí ó lo alfacalcidol, ikú wọn pẹ̀lú kò dín.

Èyí kò sọ pé oògùn náà kò wúlò. Àwọn tí kókó ọrùn wọn kò tíì ṣe àṣejù ni wọ́n mú sínú ìdánwò náà. Fún ẹni tí kókó tirẹ̀ ti ń jẹ egungun run, àwọn dókítà ṣì ń lò ó, wọ́n sì ń fi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ṣọ́ ọ. Ohun tí ó sọ ni pé kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni nínú ìlú wa yóò fi lọ máa ra á fúnra rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù oògùn nítorí pé ẹnì kan fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i lórí tẹlifóònù. Àpọ̀jù rẹ̀ ni ó ń kó kálíṣíọ́mù lọ sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ tí a ní a fẹ́ gbà là.

Nísinsìnyí mo dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan ilé baba wa gan-an. Jíìnì ni a ń pe àwọn àṣẹ kéékèèké tí a jogún, ìdajì lọ́dọ̀ baba, ìdajì lọ́dọ̀ ìyá, tí ara ń tẹ̀ lé láti mọ ohun tí yóò ṣe. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fẹ́ gbéyàwó mọ AA, AS àti SS. Jíìnì náà ni. Àwọn jíìnì kan wà tí ń pàṣẹ bí ara yóò ti gbé fítámì D kiri. Ní 2013 àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà sọ pé nítorí irú èyí tí àwa aláwọ̀ dúdú jogún ni fítámì D ṣe ń kéré nínú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wa tí egungun wa sì ń le síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ dídùn ni. Kò pẹ́ tí àwọn ẹlòmíràn fi rí i pé irinṣẹ́ tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n ni kò mọ irú tiwa kà dáadáa, tí ó sì ń kà á ní kékeré. Òṣùwọ̀n tí a fi ara ẹlòmíràn ṣe, a kò gbọdọ̀ kánjú fi wọn ara wa.

Jíìnì kejì, èyí tí mo torí rẹ̀ gba àyè lónìí, APOL1 ni orúkọ rẹ̀. Oje kan ni ó ń pàṣẹ fún ara láti ṣe sínú ẹ̀jẹ̀, oje náà a sì máa pa kòkòrò àìsàn oorun tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri. Kòkòrò kan nínú ìran wọn kọ́ ọgbọ́n tí ó fi ń bọ́ lọ́wọ́ oje náà. Láìpẹ́ sí ìgbà tí a bá fi ìtàn ayé wọ̀n ọ́n, àyípadà méjì bẹ́ sílẹ̀ nínú jíìnì yìí láàárín àwọn baba ńlá wa ní Áfíríkà, wọ́n pè wọ́n ní G1 àti G2, èyí tí ó tún mú kí oje náà lè ṣẹ́gun kòkòrò ọlọgbọ́n náà. Ẹni tí ó ní in yè, ó sì bímọ. Ṣùgbọ́n ohun tí ó gbà wá lọ́wọ́ eṣinṣin ni ó tún ń ba asẹ́ inú kíndìnrín jẹ́. Kò ya ẹni tí ó mọ ọ̀rọ̀ ibà àti fọ̀níkú-fọ̀ládìde lẹ́nu: AS ń dáàbò bo ọmọ lọ́wọ́ ibà, SS sì ń fìyà jẹ ẹ́. Ọ̀bẹ kan náà ni, ojú méjì ni ó ní.

Ọdún 2010 ni a rí èyí, ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn wa sì wà nínú ohun tí a fi rí i. Nígbà tí àwọn onímọ̀ àgbáyé bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí wọ́n pè ní HapMap ní 2002, àwọn Yorùbá ní Ìbàdàn wà lára àwọn tí ó yọ̀ǹda ẹ̀jẹ̀ wọn. Láti inú irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni a ti mọ̀ pé nínú jíìnì APOL1 mẹ́wàá tí a bá kà láàárín Yorùbá, bíi mẹ́rin ni ó jẹ́ G1. Kò sí G1 tàbí G2 láàárín àwọn Òyìnbó tí kò ní ẹ̀jẹ̀ Áfíríkà rárá. Ní Amẹ́ríkà, nǹkan bí ènìyàn 13 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn aláwọ̀ dúdú ni ó jogún méjì, ọ̀kan lọ́dọ̀ baba, ọ̀kan lọ́dọ̀ ìyá. Nílé níbí ó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwádìí ńlá kan tí àwọn dókítà Nàìjíríà àti Gánà ṣe, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Rasheed Gbadegesin sì wà lára àwọn aṣáájú rẹ̀, jáde ní òpin ọdún 2024. Wọ́n yẹ ènìyàn 8,355 wò. Àwọn tí ó ní ẹyọ kan jẹ́ 43 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn tí ó ní méjì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 30. Tẹ́lẹ̀ rí, ohun tí ìwé ń kọ́ wa ni pé àfi ẹni tí ó bá ní méjì ni ewu wà fún. Ìwádìí yìí sọ pé ẹyọ kan pẹ̀lú ní ewu tirẹ̀: ó fi ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún sọ ewu àìsàn kíndìnrín di púpọ̀ sí i, méjì sì fi ìdá 25 sọ ọ́ di púpọ̀.

Ẹ má jẹ́ kí àyà já yín. Bí ó bá jẹ́ pé gbogbo ẹni tí ó ní méjì ni kíndìnrín rẹ̀ ń kú, ìdá mẹ́ta ìlú yìí kan ì bá ti tán. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn yóò gbó, yóò tọ́, kíndìnrín wọn kò sì ní ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Ó di ìgbà tí ohun mìíràn bá kún un: ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ súgà, àrùn tí ń ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́ bí HIV, oògùn ìrora tí a ń gbé mì lójoojúmọ́, àgbo tí a kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀, ọṣẹ àti ìpara ìbóra tí mẹ́kúrì wà nínú rẹ̀. A kò lè yí ohun tí a jogún padà. Gbogbo èyí tí mo kà sílẹ̀ yìí ni ọwọ́ wa lè tó. Mo sì fi tọwọ́tọwọ̀ bẹ̀ yín, ẹ̀yin ìyá ọkọ àti ìyá ìyàwó: kí ẹnikẹ́ni má ṣe lọ sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Kò sí ìdílé kan nínú ìlú yìí tí ó lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé òun kò ní in.

Ohun kan wà nínú rẹ̀ tí ó ṣòro láti gbà gbọ́. Ní 2016 àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà ròyìn pé láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú tí ń fọ ẹ̀jẹ̀ tí wọn kò sì ní ìtọ̀ súgà, àwọn tí ó jogún APOL1 olóró méjì ni ó ń pẹ́ láyé jù lórí ẹ̀rọ. Bí mo ti rò ó sí, ìdí rẹ̀ lè má jìnnà: kíndìnrín nìkan ni jíìnì náà bà jẹ́ lára irú ẹni bẹ́ẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé àìsàn tí ó ba kíndìnrín ẹlòmíràn jẹ́ ti ba ọkàn àti iṣan rẹ̀ jẹ́ pẹ̀lú. Èyí wúlò fún wa. Bí a bá rí ọ̀dọ́ kan tí kíndìnrín rẹ̀ dáṣẹ́ sílẹ̀ ní ọmọ ọdún 28, kí a má ṣe sọ pé ó ti kú tán. Irú wọn ni ó lè pẹ́ jù bí ìtọ́jú bá kúnjú òṣùwọ̀n. Oògùn tí ó dojú kọ APOL1 fúnra rẹ̀ pẹ̀lú ti wà lẹ́nu ìdánwò. Inaxaplin ni orúkọ rẹ̀, ìdánwò tí a tẹ̀ jáde ní 2023 sì fi hàn pé láàárín ọ̀sẹ̀ 13 ó dín purotéènì tí ń jò sínú ìtọ̀ kù tó bí ìdajì. Ènìyàn díẹ̀ ni wọ́n fi ṣe é, nítorí náà a kò tíì lè jó.

Ẹ̀yin ẹ̀ka Amẹ́ríkà, ẹ dákun ẹ tẹ́tí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìṣirò tí àwọn dókítà fi ń wọn agbára kíndìnrín níbẹ̀ a máa bu iye kan kún ti aláwọ̀ dúdú, tí yóò fi dà bí ẹni pé kíndìnrín rẹ̀ sàn ju bí ó ti rí lọ, tí a ó sì pẹ́ kí a tó kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àwọn tí ń dúró de kíndìnrín tuntun. Ní 2021 ni a gba àwọn ilé ìwòsàn nímọ̀ràn láti pa ìṣirò náà tì. Láti oṣù January 2023 ni a ti pàṣẹ pé kí wọ́n yẹ ìwé àwọn aláwọ̀ dúdú tí ń dúró wò, kí wọ́n sì dá ọjọ́ tí wọ́n pàdánù padà fún wọn. Bí ẹ bá ní ẹbí kan nínú ìwé náà, ẹ bi ilé ìwòsàn rẹ̀ léèrè bóyá wọ́n ti ṣe é.

Wàyí o, ẹ̀rọ. Kolff, dókítà ará Netherlands, ni ó ṣe èyí àkọ́kọ́ tí ó ṣiṣẹ́ fún ènìyàn, ní 1943, nígbà tí àwọn ará Jámánì gba ìlú wọn, tí kò sí ohun èlò. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń rọ ẹran sínú rẹ̀ ni ó fi ṣe asẹ́. Àwọn aláìsàn rẹ̀ àkọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán. Obìnrin kan ni ó kọ́kọ́ là á já, ní 1945. Ní 1960, Scribner ní Seattle rí ọ̀nà láti fi ọ̀pá kékeré sí apá aláìsàn kí a lè máa so ó mọ́ ẹ̀rọ léraléra, aláìsàn rẹ̀ kan, Clyde Shields, sì tún gbé ayé fún ọdún 11. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò tó. Wọ́n yan ìgbìmọ̀ àwọn ará ìlú láti máa pinnu ẹni tí yóò wà lórí ẹ̀rọ àti ẹni tí yóò kú, gbogbo Amẹ́ríkà sì kígbe nígbà tí ìwé ìròyìn tú u síta ní 1962. Lọ́dọ̀ tiwa kò sí ìgbìmọ̀. Àpò ni ó ń yàn.

Èkó, ní LUTH, ni a ti kọ́kọ́ fọ ẹ̀jẹ̀ ní Nàìjíríà, ní 1981. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni ó yẹ kí aláìsàn lọ, wákàtí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀kan jẹ́ ₦50,000, ọdún kan jẹ́ ₦7,800,000, láìka oògùn àti owó ọkọ̀. Ní 2025 ìjọba àpapọ̀ kéde pé yóò di ₦12,000 ní àwọn ilé ìwòsàn rẹ̀ kan, UCH Ìbàdàn sì wà nínú wọn. Ọdún kan a wá di ₦1,872,000. Ó sàn púpọ̀, ṣùgbọ́n ta ni ó ní in? Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ mi àtijọ́ kan, ẹni tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dára tí ó sì ń bọ́ ọmọ mẹ́ta, ni mo rí tí ó ń lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tí ó di ẹ̀ẹ̀mejì, tí ó di ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, tí ó wá di ìgbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá fi owó ránṣẹ́. A sin ín ní oṣù kẹrin ọdún tí ó kọjá. Nígbà tí ó ṣì lè sọ̀rọ̀, ó sọ fún mi pé owó ọkọ̀ ni ó kọ́kọ́ ṣẹ́gun òun.

Nítorí èyí ni mo ṣe lòdì sí ríra ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ kan ń lo omi bíi lítà 120 fún aláìsàn kan ní ìjókòó kan, kì í sì í ṣe omi kànga, kì í ṣe omi inú ọ̀rá. Omi tí a ti fọ̀ mọ́ tónítóní ni, nítorí pé àwọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ni ó wà láàárín rẹ̀ àti ẹ̀jẹ̀ ènìyàn. Ní Caruaru, ní ilẹ̀ Brasil, ní 1996, omi tí oró èéhọ̀n wà nínú rẹ̀ wọ ẹ̀rọ ilé ìwòsàn kan, ó sì pa aláìsàn tí ó ju 50 lọ. Iná mànàmáná wa, ẹ mọ bí ó ti rí. Nọ́ọ̀sì tí ó mọ iṣẹ́ náà, a kò ní. Ẹ̀rọ tí ó bá bàjẹ́ lọ́sẹ̀ kẹta, ta ni yóò tún un ṣe? Mo bẹ̀rù pé a ó gé ríbọ́n, a ó ya fọ́tò, yóò sì di ibùgbé aláǹgbá.

Àbá tèmi nìyí. Kí Ẹgbẹ́ fi owó náà dá àpò kan sílẹ̀ tí yóò máa san owó ọkọ̀ àti ìdajì owó fífọ ẹ̀jẹ̀ fún ọmọ ìlú tí ń gba ìtọ́jú ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta, kí ó lè máa lọ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta rẹ̀. Kí a ràn án lọ́wọ́ pẹ̀lú bí ìbátan rẹ̀ kan bá fẹ́ fún un ní kíndìnrín kan. Láti ọdún 2000 ni wọ́n ti ń ṣe irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ wa, St. Nicholas ní Èkó ni ó kọ́kọ́ ṣe é. Kí a sì rí i pé a yẹ APOL1 ẹni tí ó fẹ́ fi tirẹ̀ sílẹ̀ náà wò níbi tí ó bá ti ṣeé ṣe, kí a má baà fi ènìyàn méjì dípò ẹnì kan. Ìyókù owó, kí a fi ra ohun èlò ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ríru àti pépà tí a ń tì bọ inú ìtọ̀, èyí tí ń fi purotéènì àti súgà hàn, fún ilé ìtọ́jú aláìsàn, ọjà àti ilé ẹ̀kọ́ gbogbo. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oladipo Akinkugbe, ọmọ Oǹdó, ẹni tí ó kú ní 2020, fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀jẹ̀ ríru ní Ìbàdàn. Kíndìnrín kì í ké. Ó lè ti dáṣẹ́ ju ìdajì lọ kí ẹsẹ̀ tó wú, kí ojú tó wú, kí ìtọ̀ tó máa hó bí ọṣẹ. Pépà yẹn ni ó ń gbọ́ ohùn rẹ̀ kí ó tó pẹ́ jù.

Alága yóò fi àbá méjèèjì síwájú ìpàdé lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ̀ka Lọ́ńdọ́ọ̀nù yóò sì sọ tiwọn kí a tó dìbò. Ohunkóhun tí a bá fi ẹnu kò sí, nọ́ọ̀sì méjì yóò wà ní gbọ̀ngàn ìlú láti aago méje òwúrọ̀ ọ̀la, ọ̀fẹ́ ni. Kí ẹni tí ń bọ̀ mú ìtọ̀ àárọ̀ rẹ̀ dání nínú ìgò tí ó mọ́, kí àwọn tí ìyá, baba, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò wọn ti ní àìsàn yìí rí sì kọ́kọ́ tò. Kábíyèsí ti gbà kí a wọn ẹ̀jẹ̀ ríru tiwọn ní gbangba láti fi bẹ̀rẹ̀.